Ohun Tí Akínwálé Kọ àti Ohun Tí Mo Kà

Bọ́sẹ̀dé ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn, ẹ máa rò pé bí wọ́n ṣe bí mi nìyí.

Àbúrò ọkọ mi ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọ ilé wọn ní Araromi-Obu, ẹnu mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, bí ọmọ náà tilẹ̀ kéré sí i lọ́jọ́ orí. Eyínfúnjowó ni mò ń pè é, nítorí eyín rẹ̀ funfun nígbà náà. Mo fi ọdún méjì jù ú lọ. Mo kàwé, òun ò kàwé. Síbẹ̀ èmi ni mò ń sọ "ẹ" fún un, tí òun ń sọ "ìwọ" fún mi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí báyìí, "ìyàwó" ló ṣì ń pè mí. Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ gan-an sílẹ̀.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ ni pé Akínwálé, ọmọ Bọ́sẹ̀dé, ń ti ẹ̀wọ̀n bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Òní ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọdún mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Nínú ọdún mẹ́rin yẹn, èyí tó lé ní mẹ́ta jẹ́ àfọwọ́fà tèmi. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Tó bá di Sátidé, gbogbo ẹbí lè mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ pé ó ń bọ̀, bí ọ̀kadà bá ti dúró níwájú ilé mi ní Odigbo, ńṣe ni mo máa ń sá wọ ilé ìdáná, tí n óò dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí olè nínú ilé ara mi.

Èmi àti ọkọ mi la jọ gbin kòkó wa tó wà ní Ajue. Tíṣà ni mí, ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé àti gbogbo ìsinmi ni mo fi ń ro oko náà. Mi ò bímọ. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí nígbà tí ọkọ mi kú. Lọ́jọ́ tí ẹbí ṣèpàdé lórí ohun tó fi sílẹ̀, Bọ́sẹ̀dé ló kọ́kọ́ dìde. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní:

"Ta ló fẹ́ jẹ kòkó náà lẹ́yìn ẹ̀? Ṣé ìjọba ò san owó oṣù fún un ni? Ìwé ló mọ̀. Kó lọ máa kàwé ẹ̀."

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n lọ mú ìwé ilẹ̀ náà wá láti inú àpótí mi. Mo mú un wá. Bọ́sẹ̀dé ni wọ́n gbé e fún, wọ́n ní kó máa tọ́jú rẹ̀ de Akínwálé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Akínwálé nígbà náà. Kíláàsì mi ló wà.

Mi ò bá a jà. Mo kó lọ sí Odigbo. Bí a bá pàdé lọ́jọ́ ọjà, n óò kúnlẹ̀ kí i, n óò pè é ní Eyínfúnjowó. Àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn ti kú tán. Ẹ̀rín wọn ò tíì kúrò ní etí mi.

Akínwálé dàgbà, ó ń wa ọkọ̀ gẹdú ní Ore. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé igi rù ú, wọ́n sọ fún un pé ìwé igi náà pé. Kò pé. Igi ìjọba tí wọ́n jí gé ni. Ẹni tó ni ẹrù sá lọ, ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ ni wọ́n mú. Wọ́n gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kan tó jẹ́ pé ọkọ̀ méjì lèèyàn ń wọ̀ láti Ore kó tó débẹ̀, pé kó máa dúró de ẹjọ́.

Ojú ti Bọ́sẹ̀dé. Ó sọ fún gbogbo èèyàn pé Kútọnu lọmọ òun wà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ń bọ̀. Arákùnrin Sámúẹ́lì, ọ̀kan nínú àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tó máa ń wàásù fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ló ń já a sílẹ̀ fún un níbi tó ti ń ta epo pupa ní Ore. Kì í dúró. Ọkọ̀ tó gbé e á ti máa fun fèrè dè é.

Nígbà tí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé, Bọ́sẹ̀dé gun ọ̀kadà wá sílé mi. Ó yọ ọ́ láti abẹ́ ìró. Ìkálẹ̀ ló ń sọ, èmi ni mò ń kọ ọ́ ní Yorùbá tí gbogbo yín gbọ́.

"Ìyàwó," ó ní, "a kì í gbé ọ̀rọ̀ ilé fún àlejò. Ìwọ ni tilé. Jókòó, bá mi kà á."

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tó ní kí n lọ máa kàwé mi.

Mo ka lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn bó ṣe wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà, èmi ni mo kọ́ ọ. Bí mo ṣe ń fa ìrù "g" tèmi sílẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe ń fa tirẹ̀. Ó ní òun wà láàyè. Ó ní kí ìyá òun wá wo òun, kó bá òun gbé pupuru àti ẹja yíyan dání. Nísàlẹ̀ ó kọ ọ́ pé: "Ẹ bá mi kí Ìyá Tíṣà, mo mọ̀ pé àwọn ló ń kà á fún yín." Bọ́sẹ̀dé sunkún. Ó ṣe mí láàánú díẹ̀. Inú mi sì dùn díẹ̀. Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín, irọ́ tí mo ti pa ti tó.

Ó ní òun máa lọ tí ẹsẹ̀ tó ń dun òun bá fúyẹ́. Kó tó lọ, lẹ́tà kejì dé. Ó gbé e wá pẹ̀lú ẹja tó ti yan sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, nítorí ọjọ́ kejì ló fẹ́ gbéra.

Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà nìyí. Mo ti há a sórí: "Màámi, adájọ́ ti fún mi ní béèlì. Ẹnì kan péré ni wọ́n ń fẹ́ tó máa dúró fún mi, tó sì ní ìwé ilẹ̀. Ẹ gbé ìwé oko Ajue dání. Agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ tí ìjọba fún mi máa dúró dè yín ní kóòtù lọ́jọ́ Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó yẹ̀."

Oko Ajue. Ojú mi dúró síbẹ̀. Oko tí wọ́n fi ẹ̀rín gbà lọ́wọ́ mi ló tún fẹ́ yọ ọmọ rẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n.

"Kí ló wí?" Bọ́sẹ̀dé ń béèrè. "Ṣé ara ẹ̀ ò yá ni?"

Mo gbọ́ ohùn ara mi. Mo ní: "Ó ní kí ẹ má wá. Ó ní bí wọ́n bá wá wo èèyàn, tí àlejò bá lọ tán, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹni náà. Ó ní tí ẹ bá fẹ́ràn òun, kí ẹ jókòó sílé, kí ẹ máa gbàdúrà."

"Wọ́n ń nà án?"

"Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn, Eyínfúnjowó."

Kò jiyàn. Ohun tó bá ti wà nínú ìwé, òótọ́ ni lójú rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ti àwo ẹja náà sọ́dọ̀ mi. "Bá mi jẹ ẹ́, ìyàwó. Kò lè gba ọ̀fun mi kọjá." Mo jẹ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jẹ ẹja ẹlẹ́wọ̀n.

Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan ni. Mo rò pé n óò jẹ́ kó mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn wà láìní olùgbèjà, lẹ́yìn náà n óò sọ fún un pé ojú ló tàn mí. Ọjọ́rú kọjá. Bí mo bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Ọjọ́rú, mo ní láti sọ ìdí tí mi ò fi sọ ṣáájú. Ẹ̀rù bà mí. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù ni mo fi ń jí, òun ni mo fi ń sùn.

Èmi náà ni mò ń kọ èsì tí Arákùnrin Sámúẹ́lì ń mú padà. Bọ́sẹ̀dé á ní: "Sọ fún un pé ewúrẹ́ ẹ̀ ti bí méjì. Sọ fún un pé gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mò ń gbààwẹ̀ fún un." N óò kọ ti ewúrẹ́. N óò kọ ti ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n n óò fi kún un pé ara ìyá rẹ̀ ò dá, kò lè rìn jìnnà, àti pé a ṣì ń wá ìwé ilẹ̀ náà. Ìwé ilẹ̀ náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bọ́sẹ̀dé ní gbogbo ìgbà yẹn.

Nínú lẹ́tà kan ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó bá òun bẹ Ṣadé, ìyàwó òun, kó ní sùúrù de òun. Mo fo ibẹ̀. Ṣadé, tí wọ́n sọ fún pé Kútọnu lọkọ rẹ̀ wà, dúró fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀ láìgbọ́ nǹkan kan. Ó ti wà nílé ọkọ míì ní Ṣàgámù báyìí. Èyí kò ṣeé tún ṣe, mo mọ̀.

Ní ọdún kejì, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo gbé pupuru àti ẹja, mo wọkọ̀ lọ síbẹ̀ fúnra mi. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ náà, kí n sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn obìnrin ti jókòó lábẹ́ igi kan níwájú géètì, tí wọ́n ń dúró kí wọ́n pè wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ Àlàájà kan tó ń ta táyà àlòkù ní gáréèjì Ore. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló wà nínú ọgbà. Ó wo abọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ máa wò ó, ẹ fọ́ ẹja yẹn wẹ́wẹ́ fúnra yín, kí wọ́n tó bá yín fọ́ ọ. Fóònù ni wọ́n ń wá."

"Nínú ẹja?"

"Nínú pupuru pàápàá! Mo ti sọ fún wọn, mo ní fóònù tó bá wọ inú pupuru tó ṣì ń dún, ẹ má gbà á o, ẹ sọ iye ẹ̀ kí n rà á."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé ta ni mo wá wò. Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní ó ti tó ìgbà wo tó ti wà níbẹ̀. Mo ní ó ti wọ ọdún kejì.

"Ọdún kejì?" Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Màmá, a kì í sì í rí yín. Níbo lẹ ti wà?"

Ìgbà náà ni wọ́n pe orúkọ Akínwálé. Mo dìde. Láti ẹnu géètì mo rí i tó ń bọ̀. Ó ti rù. Ó ń fi ọwọ́ na ẹ̀wù rẹ̀ kó lè gún, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín, nítorí ó rò pé ìyá rẹ̀ ló wá. Mo gbé abọ́ náà lé Àlàájà lẹ́sẹ̀, mo ní, "Ẹ bá mi fún un," mo sì yára lọ sójú títì. Mi ò wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, mi ò gba iwájú gáréèjì Ore kọjá mọ́, kí Àlàájà yẹn má baà rí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ní èèyàn nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ mi, bí ọwọ́ náà tilẹ̀ dọ̀tí. Ẹ lọ fúnra yín. Ẹ béèrè ọjọ́ àbẹ̀wò ní géètì, nítorí kì í rí bákan náà níbi gbogbo. Bí ẹ bá gbọ́ pé béèlì wà, ẹ má dúró de lẹ́tà, ẹ lọ sí kóòtù tó gbọ́ ẹjọ́ náà, kí ẹ bi akọ̀wé ibẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ gan-an. Ẹ bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mọ agbẹjọ́rò rẹ̀ lójú, kódà bó bá jẹ́ ti ọ̀fẹ́. Bí ẹ ò bá lè lọ, ẹ rán ẹni tó máa fojú kàn án, tó máa bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹ má sọ fún ayé pé Kútọnu ló wà. Bí ẹnikẹ́ni ò bá mọ ibi tó wà, ta ló máa bá yín wá a? Bí ẹ ò bá sì mọ̀wé, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa ka lẹ́tà fún yín, kódà bó jẹ́ ará ilé yín. Ẹ gbé e fún ẹni méjì tí wọn ò jọ ń gbé. Ìtìjú Bọ́sẹ̀dé ni mo fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀. Mi ò nílò kọ́kọ́rọ́.

Lẹ́tà tó tẹ̀ lé ọjọ́ géètì yẹn ló burú jù. Èmi ló kọ apá ìparí rẹ̀ sí. "Ìyá Tíṣà, wọ́n ní màmá kan gbé oúnjẹ wá fún mi, ó sì lọ kí n tó dé. Ṣé màámi ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé wọn ò fẹ́ mi mọ́ ni?" Bọ́sẹ̀dé jókòó sí iwájú mi, ó na ọrùn, ó ń wo ẹnu mi. Mo kà á fún un pé ọmọ rẹ̀ ní kó má dẹ́kun àdúrà. Ó ní, "Àmín."

Lẹ́tà mẹ́rìnlá ni gbogbo wọn. Inú agolo bísíkíìtì ló kó wọn sí. Mo ti gbìyànjú láti gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a tọ́jú wọn, kí ikán má jẹ wọ́n.

"Rárá o," ó ní. "Mi ò lè kà wọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan." Ó ń ṣí wọn wò. "Èyí tí mo fi ọwọ́ epo mú nìyí, èyí tó ti ní kí n má dẹ́kun àdúrà. Èyí tó ti ní kí n má wá nìyí." Béèlì ọmọ rẹ̀ ló mú lọ́wọ́ yẹn, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nà án kó lè tẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Arákùnrin Sámúẹ́lì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì dúró. Ó ní adájọ́ àgbà kan wá sí ọgbà náà, ó tú àwọn tí ẹjọ́ wọn ti dúró sójú kan sílẹ̀. Ó ní Akínwálé wà lára wọn. Ikọ́ ń ṣe é, àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n á mú un wá sí Araromi-Obu lọ́jọ́ Sátidé.

Láná òde yìí, Bọ́sẹ̀dé wá. Ọ̀pá ló ń tì báyìí, eyín rẹ̀ ò pé mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ kí i bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó di apá mi mú, kò jẹ́ kí orúnkún mi kan ilẹ̀. Ó mú ìwé kan jáde láti abẹ́ ìró, ibi tó máa ń fi lẹ́tà sí. Kì í ṣe lẹ́tà. Ìwé oko Ajue ni. Ó gbé e sórí tábìlì mi. Ó wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Mo ti rò ó pé kí n gun ọ̀kadà lọ sí Araromi-Obu lọ́la, kí n sọ fún un kó tó di Sátidé. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè ṣubú lulẹ̀ kú kí ọmọ rẹ̀ tó dé. Mo rò ó pé kí n sá lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn mi. Mo tilẹ̀ rò ó pé kí n jí agolo náà. Bí mo bá dákẹ́, Akínwálé mọ ohun tó kọ. Ìdáhùn tí mo ń fún un láti ọdún mẹ́rin wà lọ́wọ́ tirẹ̀ náà. Bí ìyá àti ọmọ bá ti bá ara wọn sọ gbólóhùn mẹ́ta péré, ó ti parí fún mi.

Nǹkan míì tún wà tó ń bà mí lẹ́rù ju ọlọ́pàá àti ẹbí lọ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ tó sọ sí mi sáyà, òun ni mo fi ń dá ara mi láre ní gbogbo ìgbà tí mo bá ka irọ́. Láná ó gbà á kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ gbọ́ ohun tó sọ nígbà tó ń dìde lórí àga mi. Kò pè mí ní ìyàwó. Kò sì sọ "ìwọ" fún mi, ìgbà àkọ́kọ́ láyé wa nìyẹn. Ó ní:

"Ìyá Tíṣà, ẹ dárí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìpàdé yẹn jì mí. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ojú fún mi láti ọdún mẹ́rin. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀gbẹ́ mi lẹ máa jókòó sí. Mo máa gbé agolo náà jáde síwájú ẹbí, ẹ ó sì ka gbogbo lẹ́tà ẹ̀ sókè fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, látorí èyí àkọ́kọ́, kí ọmọ mi lè mọ̀ pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí mi ò gbọ́."